Adìẹ Teguntegun àti Ẹsẹ̀ Ahunṣọ

Nínú mọ́tò tó ń dúró de èrò ní Ìsẹ́yìn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ọkùnrin ahunṣọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ mú un padà sọ́dọ̀ teguntegun tó bá a di ẹsẹ̀ náà nígbà tó ṣẹ́.

“Adìẹ tí bàbá yẹn ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nítorí tìẹ ti ń sáré lé aáyán kiri. Ṣebí wọ́n ní bí adìẹ bá ti rìn, ìwọ náà á rìn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, adìẹ kì í jókòó sídìí òfì látàárọ̀ dalẹ́. Dókítà ní egungun ti so, ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

“Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?”

“Tirọmbósìsì. Nọ́ọ̀sì pe lẹ́tà rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó parí, ẹsẹ̀ ti tún wú sí i.”

“Na ẹsẹ̀ wá jàre, kí n fi òrí wọ́ ọ.” Ó ti bu òrí sọ́wọ́.

Ọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa mí. Bí mo bá kú, ṣé adìẹ náà á bá mi kú?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo òrí ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wá fi í pa ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀.

“Dẹ́rẹ́bà, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀. Ọsibítù là ń lọ. Adìẹ yẹn kò tilẹ̀ mọ orúkọ àbúrò mi.”