Òróró Tí Mo Fi Pa Ara Ọkọ̀ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi. Ọkọ mi kékeré, ẹ ṣeun tí ẹ gbà láti wọ ilé ẹ̀gbọ́n yín lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ojú mi kọ́ lẹ fẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì tipẹ́, ó sì ti ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ òpó: ara òkè ń dán, inú ti di ìyẹ̀fun. N óò pọ̀ ọ́ lónìí. Bí mo bá dúró di ìgbà tí bàbá yín tó wà nínú yàrá yẹn kò bá lè mí mọ́, ta ni n óò tún máa jẹ́wọ́ fún?

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ ojú omi tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Iléeṣẹ́ tí bàbá yín ti ń jó irin ni wọ́n ti pa á tì. Koríko ti hù nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sán, pákó ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ sì ti jẹrà. Ọ̀gá ní kó máa gbé e lọ. Ọjọ́ tó gbé e délé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Mo ní, "Ṣé ilé wa yìí náà ni èyí máa gbé?" Ó ní, "Fún ìgbà díẹ̀ ni." Ìgbà díẹ̀! Ọkọ̀ náà gba ẹ̀yìnkùlé tán pátápátá. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò ṣí délẹ̀ mọ́. Bí mo bá fẹ́ sá aṣọ, ẹ̀gbẹ́ ni mo ń fi rìn bí akàn. Àwọn aládùúgbò sọ bàbá yín ní Kápútéènì Orí-Ilẹ̀, òun náà á sì gbé ọwọ́ sókè kí wọn bí ọ̀gá ọkọ̀.

Ẹ̀rù ọkọ̀ náà bà mí ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Mo máa ń sọ fún yín pé omi ló gbé bàbá tó bí mi lọ. Irọ́ ni. Bàbá mi a máa fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá omi, òdìkejì omi ló sì gbé e. Ó ní ìyàwó níbẹ̀, ó bí ọmọ níbẹ̀, ó wá di ọjọ́ kan tí kò padà wá mọ́. Ìyá mi ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹ wá wò ó, nígbà tí bàbá yín fọwọ́ gbá ara ọkọ̀ yìí, tó ní, "Bí èyí bá ti wọ omi, mo bọ́ lọ́wọ́ iná irin nìyẹn, èrò ni n óò máa gbé sọdá," bàbá mi ni mo rí. Ọkọ mi kò wo obìnrin mìíràn rí. Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá mi ni mo gbé kọ́ ọ lọ́rùn.

Ọkọ mi kékeré, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ara mọ́tò ṣe lẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n yín níṣẹ́ náà. Ẹ̀yin lẹ bá a ra aṣọ fáíbà tí a fi ń bo ara ọkọ̀ wá, àti rẹ́síìnì tó ń ki bí oyin tí a fi ń lẹ̀ ẹ́, àti omi inú ìgò kékeré tí ẹ ń kán sí i kó lè gan. Ìbomú yín tó ní àsẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ bọ́ ọ lọ́rùn yín, ẹ fi sí tirẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ọ́ o. Eruku yìí kì í ṣe eruku ilẹ̀, gíláàsì ni." Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀yin méjèèjì láti ilé ìdáná, inú sì ń bí mi sí ẹ̀rín náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ ti fi sáńpépà ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà tán, ẹ lọ bọ́jú kí ẹ tó wá lẹ fáíbà mọ́ ọn. Mo ti àkísà bọ òróró, mo sì fi pa á láti orí dé ìdí. Nígbà tí fáíbà náà gbẹ, ó ṣí kúrò bí awọ ejò. Bàbá yín jókòó sílẹ̀, ó ní, "Bóyá n kò ha á dáadáa ni." Mo bu omi tútù fún un, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi." Ẹ gbọ́ mi! Èmi tí mo gún un lọ́bẹ ni mo tún ń bá a nu ẹ̀jẹ̀.

Ó tún gbogbo rẹ̀ ha. Èmi náà tún ìwà mi hù. Mo da omi inú ìgò kékeré yẹn sí gọ́tà, mo fi omi ẹ̀rọ dípò. Rẹ́síìnì náà kọ̀, kò gan. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn rẹ̀ gba inú ilé, ó wọ orí ibùsùn wa.

Ìgbà yìí ni bàbá yín bínú sí àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ayédèrú lo rà fún mi! O kò fẹ́ kí n kúrò nídìí irin. Ìlara ni!"

Ọkọ mi kékeré, ẹ dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ìlara kí ni? Ẹnìkan ló fọwọ́ kan ìgò yìí." Ẹ yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ máa ń wà nílé. Ta ló ń wọ ibí?"

Bàbá yín náà wò mí. Ọkọ̀ wà lẹ́yìn mi, àwọn méjèèjì wà níwájú mi, kò síbi tí n óò gbà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́, irọ́ ni mo pa. Mo ní, "Èmi rí i. Àbúrò yín fúnra rẹ̀ ló da nǹkan sínú ìgò náà."

Bàbá yín ní, "Kó irinṣẹ́ rẹ. Má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láéláé." Ẹ kó o, ẹ sì mú ìbomú yín lọ. Mo rí i nígbà tí ẹ ń mú un lọ.

Láti ọjọ́ náà ni pańpẹ́ ti mú mi. Bí mo bá tún ba iṣẹ́ náà jẹ́, bàbá yín á mọ̀ pé àbúrò òun kọ́. Bí n kò bá bà á jẹ́, yóò dá àbúrò rẹ̀ lẹ́bi títí ayé. Mo ṣíwọ́. Fáíbà gan, ó le bí àwo tánganran. Bàbá yín lù ú, ó dún gbọin-gbọin, ó ní, "Ṣé o rí i? Láti ìgbà tó ti lọ, gbogbo rẹ̀ ń gún régé." Mo ní, "Mo rí i." Ìborùn mi àtijọ́ ni mo fà ya, tí mo so mọ́ ọn nímú. Ó ń ha, ó ń ha, eruku funfun ń gba inú aṣọ kọjá. Nígbà tí ìyá bàbá yín kú, ẹ̀gbọ́n dúró lápá kan sàréè, àbúrò dúró lápá kejì, èmi wà láàárín, mò ń sunkún bí olóòótọ́.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà èémí kò tó mọ́. Dókítà ní eruku ló ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ṣíṣe ìjókòó ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn nínú ọkọ̀ náà: ó fi tìmùtìmù sí ọ̀kan, ó ní tèmi ni, nítorí ìbàdí tó ń dùn mí. Ó ní, "A óò jọ máa lọ ni, àbí kí ni mo fẹ́ dá lọ ṣe?"

Láàárọ̀ àná, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sógiri. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀: "Àbúrò mi. Pè é wá." Láti ìgbà náà, kò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ fẹnu sọ ọ́. Ká ní mo ti wí fún ọkọ mi pé mò ń bẹ̀rù òdìkejì omi, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni ì bá jẹ́.

Ọkọ mi kékeré, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dárí jì mí. Ìdáríjì tèmi lè dúró, èémí ẹ̀gbọ́n yín kò lè dúró. Ojú rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn láti àárọ̀. Ẹ wọlé tọ̀ ọ́ lọ.