Àbàtà Tó Funfun Lórí Máàpù

Yíńkì tán! Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa. Yíńkì aláwọ̀ ewé ló tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ wá tẹ máàpù náà jáde bẹ́ẹ̀, àbàtà mi funfun láàárín ìwé bí ojú afọ́jú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ya máàpù láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé-ìwé! Oṣù méje ni mo fi rin àbàtà yẹn, omi mù mí dé ìdí, eṣúṣú ń fà mí lẹ́jẹ̀ mu, mo ń ka àkèré, mo ń ka ẹyẹ, mo ń kọ koríko tí kò hù níbòmíràn sílẹ̀, torí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ibi tí a bá fi àwọ̀ ewé kùn, ìjọba ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń pín ilẹ̀ rí funfun, wọ́n ní ilẹ̀ òfìfo ni, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi yanrìn dí i. Katakata dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, yanrìn ti bò ó. Mo débẹ̀. Kò sí ohun tó ké. Ṣé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti dun yín létí rí?

Ẹ ní ẹ rò pé ó máa yé wọn pé yíńkì ló tán. Ẹ rò ó! Ṣúgà tán nílé yín, ẹ pè mí kí n rà á wá. Yíńkì tán, ẹ dákẹ́!

Ohùn àwọn àkèré yẹn ṣì wà nínú fóònù mi, mo gbà á sílẹ̀ kí n lè fi ka iye wọn. Lánàá, ìyá mi ní, "Àkèré wo ló ń ké nínú ilé wa?" Mo wo fóònù, ó ti kú, bátìrì ti tán pátápátá. Mo fi Ọlọ́run búra! Ìyá mi tí ò mọ ọ̀nà àbàtà!

Ẹ má wo aago. Igbó òkè odò nìkan ló kù, àárọ̀ ọ̀la ni ìgbìmọ̀ tún máa jókòó, ẹ̀dà máàpù mẹ́wàá tí wọ́n máa wò sì wà nínú báàgì yín yìí, igbó náà funfun bí aṣọ òkú. Pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé rèé, ti ọmọ yín ni, ìyàwó yín ló fún mi bí mo ṣe ń wọlé. Ẹ kùn wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé etí odò. N ò kúrò lórí àga yìí.

Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń dẹtí sí?

Àkèré kẹ̀? Háà! Fóònù mi wà nílé lọ́dọ̀ ìyá mi.

Ẹ máa kùn ún lọ.