Rọ́bà Inú Òrùka Kámẹ́rà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà kì í yá. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí ẹrù kan ti wà lọ́kàn mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí tó fi kú. Àlejò tó wá bá mi nílé ní Mafoluku lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi sọ ọ́ báyìí.

Láàbù kékeré kan ní Ṣógúnlé ni mo ti ṣiṣẹ́. Èmi àti Múfútáù là ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun ọ̀sán.

Ọ̀gá wa fẹ́ kí á máa ya fótò ohun tí à ń rí nínú maikirosikóòpù, kí àwọn dókítà lè rí i. Ó ra kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ó fi so ó mọ́ ọn. Bí a bá fọwọ́ dì í mú, ọwọ́ á gbọ̀n, fótò á ṣú bàìbàì. Múfútáù ló gé páìpù omi, ó yá a níná títí ó fi rọ̀, ó sọ ọ́ di òrùka tó so kámẹ́rà mọ́ ẹnu ibi tí à ń fojú sí. Ó tẹ́ rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀, kó lè dì í pinpin. Fótò àkọ́kọ́ mọ́ bí òṣùpá àárín oṣù. Ọ̀gá ní Múfútáù ni òun máa fi ṣe olórí wa. Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn dókítà ń bọ̀ wá wò ó, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo fa rọ́bà náà yọ, mo kì í bọ àpò. Mo rò pé fótò á kàn ṣú ni, kí wọ́n fi Múfútáù ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Àfi bí kámẹ́rà ṣe yọ̀ tó já bọ́ lójú gbogbo wọn. Ó lu awò maikirosikóòpù tó wà nísàlẹ̀, àtòun àti awò náà ló fọ́. Wọ́n lé Múfútáù lọ́jọ́ náà. Ó wò mí. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń jẹun nínú abọ́ mi. Múfútáù kó lọ sí Èjìgbò, ó ń tún fáànù ṣe. N kò lọ kí i rí. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Bàálù ń kọjá lórí òrùlé mi lójoojúmọ́, kò sí èyí tó gbé ẹnì kan wá fún mi nínú wọn.

Rísíkátù, ọmọ Múfútáù, ni àlejò tí mo wí. Ó kúnlẹ̀, ó ní bàbá òun ti kú, àwọn ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́. Ó na nǹkan kan sí mi. Òrùka páìpù náà ni.

"Bàbá, kí bàbá mi tó kú, wọ́n ní ẹ̀yin ni kí n mú un wá fún. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí rọ́bà ẹ̀ wà."

Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo ní n kò rántí mọ́.

Rọ́bà náà kò kúrò nínú àpótí mi rí. Nígbà tí Rísíkátù lọ tán, mo tẹ́ ẹ sínú òrùka. Ó ṣì bá a mu géérégé.

Bí wọ́n ṣe pín ogún Múfútáù nìyẹn. Rísíkátù jogún àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó fọ́ ẹ̀rọ ọ̀gá. Èmi jogún òrùka. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, pé kò dáa kí bàbá àgbà máa dá wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ fún un, n kò ní rí i mọ́. Bí n kò bá sọ, ẹnu wo ni n óò fi dá a lóhùn nígbà tó bá kúnlẹ̀ kí mi?