Ìgò Ọmọ Mẹ́wàá

Gbé omi rẹ kúrò níwájú mi, mi ò mu ún. Jókòó síbẹ̀ kí n wo ojú rẹ dáadáa, ìwọ àbúrò mi tí a jọ mu ọmú ìyá kan. Ọ̀rọ̀ rẹ rí mi lára débi pé bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́nà, itọ́ ni mo ń tu.

Láti aago méje àárọ̀ àná ni èmi àti ọmọ mi ti wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ní kéèyàn sáà máa wọlé, ọmọ tó bá ti pé ọdún méjìlá, àwọn á gún un lábẹ́rẹ́ àìsàn ọrùn gígan. A wọlé tán, nọ́ọ̀sì ní ọmọ mẹ́wàá ló ń lo ìgò kan, pé báwọn bá ṣí i tí wọn ò pé, tó bá dìrọ̀lẹ́, dídanù ni. Ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀? Mẹ́rin, pẹ̀lú tèmi. Ẹnì kan ti bì sábẹ́ bẹ́ǹṣì, páálí ni wọ́n kàn fi bò ó, òórùn yẹn ṣì wà nímú mi. Mo fi ọmọ mi jókòó síbẹ̀, mo bọ́ sí títì.

Èmi tí mi ò lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, mo ń kanlẹ̀kùn kiri pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́mọ. Onídìrí fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀, ó pe ìbejì rẹ̀ jáde. Télọ̀ fún mi lọ́kan, lẹ́yìn tó ti bú mi tán. Mo ṣáà kó mẹ́fà dé. Wọ́n ṣí ìgò, wọ́n gún wọn tán, ó kan tèmi, àyè rẹ̀ ṣófo.

Ìwọ lo pè é. Ìwọ lo sọ fọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ yẹn ń di ilé ọmọ pa. Ọmọ ọlọ́mọ mẹ́sàn-án ló gbà á, wọ́n sì da ti ọmọ mi nù lójú mi.

Kí lo wí? Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ ni? Tí wọ́n bá fi ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí ọ, ṣé wàá bù ú sẹ́nu?

Ṣebí àìsàn yìí náà ló mú bọ̀ọ́dá wa. Ọjọ́ Ẹtì, ó ń kọrin kiri ilé. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, etí rẹ̀ ti di pátápátá, títí dòní. Ìwọ gan-an ṣì máa ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ kí o tó rántí. Màmá wa ò mú un lọ gba abẹ́rẹ́, ó sì di ẹ̀bi yẹn mọ́ra wọ sàréè. Ṣé èmi lo wá fẹ́ kó jogún rẹ̀?

Má sunkún fún mi. Ẹyin lohùn, o ti jù ú sílẹ̀, ìwọ náà ni wàá ṣà á. Ọmọ náà ti ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ní Àǹtí òun ò lè purọ́ fóun. Ìwọ lo máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, tí wàá sọ fún un pé o purọ́.

Wọ bàtà rẹ. Ọmọ mẹ́sàn-án mìíràn ni wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó ṣí ìgò, àdúgbò tèmi sì ti tán. Ilẹ̀kùn àdúgbò tìẹ la máa kàn kiri lónìí, ìwọ lo sì máa bẹ̀bẹ̀. Pe àwọn ọmọ rẹ méjèèjì jáde ná. Ó ku méje.