Ìyá Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo purọ́ nípa ìwé kan. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti ń dá ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ara wọn báyìí, ó sì tún lè yà wọ́n títí ayé. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni a ó mọ èyí tí yóò ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Àpó ni mò ń gbé, ní Abújá níbí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa mi ni pé mo fẹ́ràn ìtọpinpin. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú ọkọ̀, tí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, mo lè máa rò ó títí oúnjẹ alẹ́. Ọkọ mi ní ọjọ́ tí mo bá dé ọ̀run, mà á kọ́kọ́ bi àwọn áńgẹ́lì pé kí ló pa ẹni tó ṣáájú mi wọlé.

A ní ẹgbẹ́ kan, àwa obìnrin Yorùbá mélòó kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ìparí oṣù ni a máa ń pàdé ní pálọ̀ ẹnìkan nínú wa. Ẹni tó bá kàn á ti ka ìwé kan, ìwé òyìnbó ni lọ́pọ̀ ìgbà, á wá sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú àwọn àgbà inú wa ti ń rẹ̀, a kò sì fẹ́ kí Yorùbá dógùn-ún sí wa lẹ́nu nínú ìlú yìí.

Òfin wa kò pọ̀. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ka ìwé náà kí ẹni tó kàn tó sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá já ìwé jù sílẹ̀ ní ìdajì gbọ́dọ̀ dìde sọ ìdí rẹ̀, kí gbogbo wa sì jọ tú u wò. Bí ìtàn bá sì wọ ẹnìkan lára, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé náà lọ sílé, ó di tirẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó kàn mí, mo lọ ra ìwé kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Wúsè. Ìtàn ìpànìyàn ni. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ọlọ́pàá tó ń wá apààyàn náà jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo rò ó wò pé bí mo bá mú ọ̀rọ̀ yìí wá lásán, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa á gbé báàgì wọn. Àmọ́ tí ẹ bá ti pa èèyàn kan sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ta ló fẹ́ dìde? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òkú lè gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, mo nídìí. Mo ní àbúrò ìyá kan, Bọ̀ọ̀dá Múyì. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abújá. Abúlé mẹkáníìkì tó wà ní Àpó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ máa ń dé ṣọ́ọ̀bù kẹta. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi tí mo máa ń béèrè ohun gbogbo kò sì béèrè. Mo kàn mọ̀ ni. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Múyì kú, ẹ̀yìn pátápátá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn jókòó sí níbi ìsìnkú, bí àlejò. Ó dùn mí gan-an.

Mo wá ń ka ìwé náà, mò ń wá ẹni tó jọ Bọ̀ọ̀dá Múyì nínú rẹ̀. N kò rí i. Gbogbo ọkùnrin irú rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń jùdí rìn, tí ohùn wọn tín-ín-rín, tí wọ́n ń kígbe bí aáyán bá kọjá. Ọ̀kan ń dọdẹ àwọn ọmọdé. Òmíràn ń mọ̀ọ́mọ̀ kó àrùn ran èèyàn. Ọlọ́pàá náà fúnra rẹ̀, tó bá kórìíra ara rẹ̀ lójú ìwé yìí, ẹkún ni yóò sun lójú ìwé tó tẹ̀ lé e. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa igẹ̀ rẹ̀ títí, wọn ò jẹ́ kó sọ gbólóhùn kan tó ní láárí. Mo ní, ẹni tó kọ ìwé yìí, ǹjẹ́ ó ti bá ọ̀kan nínú wọn jẹun rí ṣá?

Mo dé ìdajì. Wọ́n ṣe àwàdà kan lórí òkú náà níbẹ̀ tí n kò lè tún sọ. Mo pa ìwé dé. Inú bí mi, ojú sì tì mí, bí ẹni pé wọ́n bú bọ̀ọ̀dá mi lójú mi. Èmi tí mo máa ń ka bébà inú páálí oògùn dé ìsàlẹ̀, n kò mọ ẹni tó pa ọkùnrin yẹn títí di òní. Ẹ ò mọ bó ṣe ń yún mi tó.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro. Kí n dìde nínú ẹgbẹ́, kí n ní mo já ìwé náà jù sílẹ̀ nítorí pé ó ń tàbùkù àwọn èèyàn tí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n a ó jọ tú u wò ni. Wọ́n á ní kí ló kàn mí níbẹ̀, ta ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tí èyí jẹ́ nílẹ̀ wa. Èèyàn lè tìtorí rẹ̀ dèrò ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rù bà mí. Ojo ni mí, mo gbà. Mo pinnu láti sọ ìtàn náà bí ẹni tó kà á tán.

Pálọ̀ mi ni a wà lọ́jọ́ náà, zóbò tutù wà nílẹ̀. Mo sọ ìdajì tí mo kà, mo yọ ẹ̀gbin inú rẹ̀ kúrò. Mo fún ọmọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ohùn Bọ̀ọ̀dá Múyì àti ẹ̀rín rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń pòṣé. Ẹnìkan ní, "Haba! Irú ìwé wo rèé? God forbid!" Àmọ́ òkú ti wà nílẹ̀. Kò pẹ́ tí òun kan náà fi ní, "Wait o, ta ló wá ní kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn?"

Màmá Dàpọ̀ jókòó sí kọ̀rọ̀. Mo ti yí orúkọ náà padà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Bwari ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A mọ̀ pé wọ́n ní ọmọkùnrin kan tí kì í wálé mọ́, a kò mọ ìdí. Lójijì wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá ta ni, mà?"

"Ìyá ọmọ tí wọ́n ń lé kiri yẹn. Àbí kò ní ìyá ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, kò sí ìyá. Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn tó ní ìyá. Mo wo ojú Màmá Dàpọ̀, ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Mo ní nígbà tí gbogbo ìlú kọ ọmọ náà, ó lọ sílé ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo àdúgbò. Mo ní ó kanlẹ̀kùn. Mo ní ìyá náà wà nínú ilé, ó dá ìkànlẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ mọ̀, ó kọ́kọ́ dúró, ó ń gbọ́ ọ. Mo ní ó wá ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Wọlé, ọbẹ̀ ti ń tutù." Mo wá di ìpànìyàn náà ru onílé ọkùnrin tó kú náà, kí n lè tètè parí rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ìlẹ̀kùn yẹn rèé. Mo kéré nígbà náà. Bọ̀ọ̀dá Múyì wá sílé ìyá rẹ̀, ìyá àgbà mi, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ kan ti dé etí ẹbí. Ó kanlẹ̀kùn títí. Ìyá àgbà jókòó lórí àga, wọ́n tẹjú mọ́ ògiri, wọn ò ṣí i. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní kí n dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá Múyì lọ, àwọn méjèèjì kò sì fojú kan ara wọn mọ́.

Nígbà tí mo sọ ìtàn náà tán, Màmá Dàpọ̀ bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. Nígbà tí a fẹ́ túká, wọ́n nawọ́ sí mi. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ìwé yẹn wọ̀ mí lára. Fún mi."

Kò sẹ́ni tó máa ń gba ìwé nínú ẹgbẹ́ wa, òfin yẹn kàn wà ni. Mo ní ẹnìkan tó ń gbé ní Maitama ti yá a lọ. Irọ́ kì í dá rìn, èkejì rèé.

Mo fi ọkọ̀ gbé wọn sílé. Nígbà tí a kọjá Ushafa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Dàpọ̀ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, ó sọ irú ẹni tóun jẹ́ fún wọn, wọ́n sì ní kó jáde. Wọ́n ní, "N kò mọ̀ pé ìyá kankan ti ṣílẹ̀kùn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe nìyẹn." Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n gba ìwé gbọ́. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo tẹjú mọ́ títì, mò ń wa ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Dàpọ̀. Wọn ò mọ ohun tí wọn ó sọ, ni wọ́n bá ń sọ ìtàn ìwé náà fún un, wọ́n sì dárúkọ ìwé. Wọ́n ní kó wá sílé ní Sátidé. Ẹ mọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ó wá ìwé náà rí lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó wá gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Please, ṣé ìwé yìí gan-an ni màmá mi ń sọ? Ibo ni ìyá yẹn wà níbẹ̀?" Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe rí òun nìyí? Ṣé wọ́n ń pe òun wá kí wọ́n lè fi òun ṣẹ̀sín ni? Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó wá ní, "So, ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn yẹn, kì í ṣe ìwé."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè pa á mọ́ra, ẹ foríjì mí, mo bi í pé, "Dàpọ̀, ta ló pa ọkùnrin yẹn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "I no know o, mà. Níbi àwàdà òkú yẹn ni mo ti pa ìwé ọ̀hún rẹ́."

Ó bẹ̀ mí pé kí n má tíì sọ fún ìyá òun. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, kì í ṣe ọmọ inú ìtàn. Ó tún ní, "Àmọ́ mà, tí wọ́n bá mọ̀ pé kò sí ìyá tó ṣe é rí, tí wọ́n bá tún tì í mọ́ mi ńkọ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo wà rèé. Bí mo bá sọ òtítọ́, Màmá Dàpọ̀ lè ní a jẹ́ pé kò ṣeé ṣe nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, orí irọ́ ojo bíi tèmi ni ilé wọn ó dúró lé, ọmọ náà á sì máa bá mi gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé.

Nítorí pé Màmá Dàpọ̀ tún pè mí lánàá. Wọ́n ní bí n kò bá rí ìwé náà gbà padà, kí n wá fúnra mi, kí n jókòó láàárín àwọn méjèèjì, kí n sọ ìtàn náà bí mo ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní ẹnu àwọn kò gbà á láti bẹ ọmọ àwọn. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ibi tí ọmọ yẹn ti ń kanlẹ̀kùn, má yára kọjá níbẹ̀ o. Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kí Dàpọ̀ lè mọ̀ pé lọ́jọ́ tó padà wá kanlẹ̀kùn tí n kò ṣí i, mo wà nínú ilé, mo sì ń gbọ́ ọ."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?