Èmi ni Mo Ń Pàṣẹ fún Ṣọ́jà

Nígbà ìjọba ológun, ní Ẹdẹ, níbi tí a tò sí láti ra mílíìkì àti ọṣẹ, tí ṣọ́jà kan sì ń ṣọ́ wa, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú dúró níwájú mi pẹ̀lú àǹtí rẹ̀.

"Àǹtí, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ gbéra, èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo 'Jésù!' Àwọn èrò ọkọ̀ ló ń kì mí láyà."

"Ìwọ tí wọ́n ní kó o máa tọ́jú wọn!"

"Ó ti mọ́ mi lára báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀fúùfù gbọn ọkọ̀ wa jìgìjìgì. Ọ̀gá ṣọ́jà kan dìde, ó ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

"Sọ̀kalẹ̀ síbo?"

"Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ de bẹ́líìtì yín!' Kíá ló jókòó. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi balẹ̀. Àǹtí, lókè lọ́hùn-ún, èmi ni mo ń pàṣẹ fún ṣọ́jà!"

Ọmọbìnrin náà wo ṣọ́jà tó ń ṣọ́ wa, ó wá rọra tún un sọ: "Èmi ni mo ń pàṣẹ fún ṣọ́jà." Gbogbo àwa tó gbọ́ ọ fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Àǹtí rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Dárí jì mí o, ọmọ mi. Ẹ̀rù pé ọkọ̀ yẹn lè já bọ́ ló mú kí n fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ pé kí wọ́n lé ọ wálé. Tí mo bá délé báyìí, n ó kúnlẹ̀, n ó bẹ Ọlọ́run pé kó má dá mi lóhùn lórí àdúrà yẹn."