Ọkọ̀ Òkun Ìbejì

Kò tíì pẹ́ tí a gbòmìnira nígbà náà. Nínú ọkọ̀ tó ń ti Kétu lọ sí Kútọnu, tọkọtaya àgbà kan jókòó níwájú mi. Wọ́n ń lọ gba ìwé ọkọ̀ òkun tí yóò gbé wọn lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Dákà.

"Ìyá Ìbejì, mú ọ̀kan nínú ọkọ̀ òkun méjèèjì tó ń lọ sí Dákà ká tó débẹ̀."

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ kankan lára wọn ni?"

"Kò sí. Funfun ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀dì kan náà, oúnjẹ kan náà. Akọ̀wé tó ń ta ìwé ọkọ̀ ní ìbejì ni wọ́n, ibì kan náà ni wọ́n ti kàn wọ́n."

"Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn nìyẹn. A kì í ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì ká má ṣe fún èkejì."

"Irin ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ."

"Irin tó fẹ́ gbé wa sórí òkun? Tá a bá wọ ọ̀kan, kí la fẹ́ fi bẹ èkejì?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Jẹ́ ká fi ọ̀kan lọ, ká fi èkejì bọ̀. Ká sọ fún un pé kó ní sùúrù, tirẹ̀ ń bọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i.

"Ohun tá a sọ fún Kẹ́hìndé nìyẹn, lọ́jọ́ tá a ra bàtà fún Táyé nìkan. A ní tirẹ̀ ń bọ̀, tó bá dọjọ́ ọjà mìíràn. Bàbá Ìbejì, ṣé ó dúró de ọjọ́ ọjà náà?"